Fúnminíyì, A Ti Ṣí Fèrèsé

Ọdún mẹ́ta géérégé lónìí, Fúnminíyì, tí wọ́n gbé ọ jáde nínú yàrá kan ní àdúgbò kejì sí tiwa, tí bàtà rẹ ẹsẹ̀ kan kù sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọ́ nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún náà lo ṣì jẹ́. Àwa là ń dàgbà.

Wọ́n ní kí àwa àgbà ẹbí rẹ kọ ìrántí rẹ bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́: ká ní o re ibi àgbà ń rè, ká lẹ àwòrán rẹ mọ́ ọn, kó parí. Rárá o! Ibi àgbà ń rè kọ́ lo lọ, nítorí ìwọ kì í ṣe àgbà. Ọ̀nà tí o gbà lọ wọ́, bó ṣe wọ́ náà la ṣe máa sọ ọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń bẹ níbẹ̀, kó fi di etí.

Ṣíṣà ló pa ọ́. A ti wí i. Ìgò afẹ́ yẹn, èyí tí wọ́n ń bu omi sí nísàlẹ̀, tí wọ́n ń to ẹyin iná lé lórí, tí wọ́n ń fi rọ́bà gígùn fa èéfín rẹ̀ sẹ́nu. Kì í ṣe ayé ló ṣe ọ́. Kì í ṣe ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tí àwọn èèyàn ń ṣẹ́jú sí níbi ìsìnkú rẹ. Ẹ̀yin ọmọ mẹ́rin, obìnrin méjì, ọkùnrin méjì, lẹ wọ yàrá Olúwafọlákẹ́mi ọ̀rẹ́ rẹ lọ́sàn-án ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ ti fèrèsé. Ẹ ká ìró kan, ẹ fi dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ dá iná èédú, ẹ ń fa ṣíṣà, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Dókítà ní májèlé kan ń bẹ nínú èéfín èédú tí kì í rùn, tí kì í ta ni nímú, tó kàn máa ń gbé èèyàn lọ bí ẹni pé oorun ni. Àwọn mẹ́ta rá jáde. Ìwọ ò rá jáde.

Kí ló dé tí ẹ ti fèrèsé? Ìlá kì í ṣe ìlú òtútù! Ooru ọjọ́ náà ń mú ewúrẹ́ mí hẹlẹhẹlẹ.

Nítorí wa ni. Nítorí imú wa àti ẹnu wa. Ní ìlú yìí, ọmọ kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí àgbà bá gbọ́ òórùn sìgá lára ọmọ ọlọ́mọ, á kọ́kọ́ gbá a létí ná, kó tó béèrè pé ọmọ ta ni. À ń fi yangàn, ó sì dára láyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mọ ohun tí àwa àgbà ò fẹ́ mọ̀: pé bí ẹnì kan bá gbọ́ láàárọ̀, gbogbo ọjà á ti gbọ́ kó tó di ọ̀sán. Ẹ ò bẹ̀rù èéfín. Ẹnu wa lẹ bẹ̀rù. Ẹ dí ihò tí ọ̀rọ̀ lè gbà jáde, ihò tí èémí ń gbà wọlé náà sì lẹ dí.

Jẹ́ ká ròyìn ilé fún ọ.

Kíkẹ́lọmọ àbúrò rẹ ti ga jù ọ́ lọ. Òun náà ti pé mẹ́tàdínlógún. Ẹgbẹ́ lẹ jẹ́ báyìí o, Fúnmi. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, yóò di ẹ̀gbọ́n rẹ.

Pálọ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì ń pè ní ọgbà nítorí pé ẹyẹ ń wọ̀ ọ́, bàbá rẹ Ọláyọdé ti kan àjà sí i. Ó kàn án tán, ó padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ní Mínná, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì ti wálé láti ìgbà náà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò kàn lè gba iwájú ilẹ̀kùn yàrá rẹ kọjá ni. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé bí àlejò.

Òwò èédú ìyá rẹ kò kú. Oṣù mẹ́rin ni Títílayọ̀ fi jókòó sílé lẹ́yìn rẹ, tó ń wo ògiri. Àwọn tó ń sun èédú fún un ní oko Iresi ló wá bá a pé, "Ìyá Fúnmi, ta lẹ fẹ́ ká máa kó o fún?" Ó dìde, ó padà sí ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ṣùgbọ́n òfin kan dé sí ìdí àpò rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: kì í ta èédú fún ọmọdé mọ́. Kí ọmọ náà mú owó tó pé dání, kó kúnlẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀, ohun kan náà lá máa gbọ́: "Lọ pe ìyá rẹ wá." Àwọn oníbàárà ń bínú. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwa ẹbí rò pé ìbànújẹ́ ló ń ṣe é.

Ilé náà dákẹ́, Fúnmi. Ó dákẹ́ jù! Nígbà mìíràn ìyá rẹ á jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé, á ní, "Fúnmi, bá mi bu omi." Kíkẹ́lọmọ á bu omi, á gbé e wá. Kò ní jẹ́ ìpè náà, kò sì ní sọ pé òun kọ́. Ìyá rẹ á gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e kalẹ̀, kò ní mu ún.

O mọ imú ìyá rẹ. Ọmọ Fádípẹ̀ oníkòkó ni. Bàbá rẹ̀ fa sìgá lóko títí tí ikọ́ fi gbé e lọ, láti kékeré sì ni Títílayọ̀ ti kórìíra òórùn yẹn. Gbogbo ọmọkùnrin tó bá ní òun wá kí ọ, á ní kó wá sún mọ́ òun kí òun wò ó dáadáa. Irọ́ ni, kò fojú wo nǹkan kan, imú ló fi ń wò! Bó bá gbọ́ sìgá, ẹsẹ̀ ọmọ náà kò ní kan ilẹ̀ dé títì. Á wá máa pọ́n ara rẹ̀ lé fún Sàfúrátù oníṣu, tí ibi ìtajà wọn jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: "Sìgá ò ní wọ ilé mi láyé!"

Òótọ́ ló sì sọ. Sìgá ò wọ̀ ọ́. Ohun tó wọ̀ ọ́ ń ta sánsán bí èso ápù.

Ṣé o rántí? O ti ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ dé, ó fà ọ́ mọ́ra, ó gbọ́ òórùn irun rẹ. Ó ní, "Fúnmi, kí lo fi sórí tó dùn tó báyìí? Bá mi ra tèmi." O rẹ́rìn-ín. O ní, "Ìpara ni, Màámi." Lọ́jọ́ kejì ó sọ fún Sàfúrátù pé ọmọ òun ń rùn bí ọmọ olówó. Háà! Imú tó mọ sìgá kò mọ ṣíṣà. Adùn ni wọ́n fi bo èéfín náà lórí, ìyá sì fi ẹnu ara rẹ̀ yìn ín.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé báàgì rẹ wá láti yàrá yẹn, ó ṣí i, òórùn ìpara náà ló jáde. Ìgbà yẹn ló mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi imú ṣọ́ Kíkẹ́lọmọ. Ojoojúmọ́! Bí ọmọ náà bá ti iléèwé dé, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí. Ìyá rẹ á gbọ́ òórùn irun rẹ̀, á gbọ́ ti ìka, á gbọ́ ti ọrùn aṣọ, á ní kó la ẹnu. Sàfúrátù bá wọn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan níbi tó ti wá yá igbá, ó pàtẹ́wọ́.

"Ìyá Fúnmi, kí lẹ̀ ń wá lára ọmọ? Ẹ ti di kọ́sítọ́ọ̀mù! Wàláì, ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ tú ikùn rẹ̀ wò!"

"Sàfúrátù, gba igbá rẹ kí o máa lọ."

"Mo ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹrù òfin ò bá sí níbẹ̀, ẹ fún un ní ìwé kó kọjá."

Sàfúrátù nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí wọ́n ń fi imú kí kì í dì mọ́ni. Ó di pé bí ìyá bá wà ní pálọ̀, ọmọ á wà ní yàrá. Bí ọmọ bá jáde, ìyá á ti wọlé. Ayálégbé méjì ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe, àwọn méjèèjì sì ń ṣọ̀fọ̀ ẹnì kan náà.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Títílayọ̀ tú báàgì iléèwé Kíkẹ́lọmọ, ó bá páálí pẹlẹbẹ kan níbẹ̀, wọ́n ya èso ápù sí i lára. Ó gbé e símú. Òun ni! Adùn tí wọ́n ń fi sínú ṣíṣà.

"Ta ló fún ọ?"

"Mo rà á ni, Màámi."

"O rà á! Láti fi ṣe kí ni?"

Ó fọ́ ọ létí. Ó fọ́ ọ ní ìkejì. Ọmọ náà kàn ń wo páálí yẹn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ó ránṣẹ́ pè wá. A sì dé o! Àwa tó ṣáájú ìyá rẹ dé ayé, tí a ò bẹ̀rù ọba, tí a ò bẹ̀rù ìjòyè, a jókòó yí ọmọ kan ṣoṣo ká, a tú ẹnu sí i. A ní, "Ṣé sàréè kan ò tó ìyá rẹ ni?" Ẹnu wa nìyẹn ti jáde. A ti gbìyànjú láti gbé e mì láti ìgbà náà, kò lọ. Kíkẹ́lọmọ wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dìde, ó mú páálí rẹ̀ lórí tábìlì, ó wọ yàrá yín lọ. Ẹnu yà wá débi pé kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́bọ̀, òjò ká àwọn ọlọ́jà mọ́. Títílayọ̀ da tapólì bo àpò èédú, ó gun ọ̀kadà, ó délé ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Iléèwé wà ní ìsinmi. Ilé pa lọ́lọ́. Ó tẹsẹ̀ bọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn yàrá yín.

Etí ìró kan yọ síta níbẹ̀. Wọ́n fi aṣọ dí ilẹ̀kùn.

Fúnmi, má ṣe bi wá bó ṣe rí lára rẹ̀! Kò kàn ilẹ̀kùn. Èjìká ló fi kọlù ú. Ó pariwo, "Kíkẹ́! Kíkẹ́lọmọ! Rá jáde! Rá jáde, ọmọ mi!" Ní ìgbà kẹta, ìdè ilẹ̀kùn já. Kò tilẹ̀ wo ọmọ. Ojú fèrèsé ló sáré sí, ó ṣí i gbayawu, òjò àti atẹ́gùn jọ rọ́ wọlé. Ìgbà náà ló tó yíjú padà.

Iná ò sí níbẹ̀. Ìgò ò sí. Èéfín ò sí. Kíkẹ́lọmọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, ó gbé ọ̀rá kan lé itan, ẹnu ọ̀rá náà ṣí. Nínú rẹ̀ ni búláòsì rẹ aláwọ̀ òféèfèé wà, èyí tí o wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ikú rẹ. Páálí eléso ápù yẹn wà níbẹ̀, wọ́n ya ẹnu rẹ̀, wọ́n tì í sáàárín aṣọ bí ẹni fi káńfọ̀ sí àpótí. Iná ò kàn án rí. Ojú ọmọ náà ti wú fún ẹkún.

"Màámi, ẹ ti fèrèsé."

"Kí lò ń ṣe níhìn-ín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì í. Ó ń lọ."

"Kí ló ń lọ?"

"Òórùn rẹ̀ ni."

Bó ṣe wà nìyẹn. Lọ́jọ́ tó o kú, kí wọ́n tó kó aṣọ rẹ fọ̀, Kíkẹ́lọmọ, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, yọ búláòsì yẹn, ó so ó sínú ọ̀rá mẹ́ta lórí ara wọn. Bí àárò rẹ bá sọ ọ́ tán, á ti ilẹ̀kùn, á ti fèrèsé, á dí ìsàlẹ̀ kí nǹkan kan má bàa jò, á tú u, á fi ojú bọ̀ ọ́. Àdí àgbọn, òógùn rẹ, àti ápù. Ní ọdún kìíní, ó kún. Ní ọdún kejì, ó fúyẹ́. Lọ́dún yìí, ó ń kú lọ, ápù nìkan ló sì jẹ́ ìdá kan nínú rẹ tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀. Ló bá lọ rà á. Òórùn tí ìyá rẹ ń gbọ́ lára rẹ̀ nígbà mìíràn, tó ń tìtorí rẹ̀ gbá a létí, ìwọ ni. Ìwọ ló ń gbọ́, Fúnmi!

Títílayọ̀ jókòó sórí ilẹ̀. Òjò ń ta sí i lẹ́yìn.

Kíkẹ́lọmọ ní, "Mo mọ̀, Màámi. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí Fúnmi ti ń fà á kó tó kú. Ó ní kí n má sọ. Èmi náà fà á, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní ó tó mi, pé bí òun bá tún rí i lẹ́nu mi òun á nà mí."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ máa pariwo."

Kò sọ ọ́ bí èébú. Òótọ́ lásán ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa jáde lẹ́nu ìyá rẹ, ohun tí kò sọ fún ọkọ, tí kò sọ fún pásítọ̀, tí kò sọ fún àwa, ló sọ fún ọmọ náà.

Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, o mú ọ̀rá wá sí ìdí àpò òun. O ní kí òun bu èédú díẹ̀ fún ọ, pé ẹ fẹ́ yan ẹran níbi ọjọ́ ìbí. O fẹ́ bu èyí tó wà lókè, òun ní kí o fi ìyẹn sílẹ̀. Òun ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, òun ṣa èédú igi àyin fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó le, èyí tó dán. Òun ní, "Gba èyí, Fúnmi. Kì í tètè kú."

"Èmi ni mo ṣà á," ló wí. "Kò sẹ́lòmíì. Ọwọ́ mi yìí ni." Ó sì na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, tí dúdú èédú wà nínú ìlà wọn láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tó pa á mọ́ fún ọdún mẹ́ta nìyẹn! Ó ń lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò nídìí àpò, kò lè sọ ìdí rẹ̀.

Kíkẹ́lọmọ gbé ọ̀rá sílẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kúnlẹ̀ sínú omi òjò. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ̀, ó gbé e sí imú, ó gbọ́ òórùn rẹ̀ pẹ́. Ó mú tòsì.

"Èédú ni, Màámi," ó ní. "Èédú lásán ni."

Ó wá gbé orí lé e láyà. A ò mọ bí wọ́n ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ẹni kankan nínú wọn ò rántí ti fèrèsé, ìgbà tí òjò sì dá, òórùn rẹ ti lọ.

Ọjọ́ tí iléèwé wọlé, Kíkẹ́lọmọ dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe, ó na ọrùn. Ìyá rẹ ní, "Wọlé, oúnjẹ wà nílẹ̀." Ọmọ náà ṣì dúró. "Mo ní kí o wọlé! Àbí ìwé ni kí n fún ọ?" Ni ẹ̀rín bá pa àwọn méjèèjì, ẹ̀rín tó di ẹkún kí ọbẹ̀ tó gbóná. Àwa náà ti lọ bẹ ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni, àgbà bẹ ọmọdé! Ó ní kò sí nǹkan. Nǹkan wà.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, Títílayọ̀ ní kí Kíkẹ́lọmọ lọ pe Olúwafọlákẹ́mi. Ọdún mẹ́ta ni ọ̀rẹ́ rẹ yìí ti ń gba ẹ̀yìn ọjà kọjá kí ojú òun àti ti ìyá rẹ má bàa ṣe mẹ́rin. Ó dé, ó dúró lókèèrè, ó ń fi ọwọ́ yí etí aṣọ rẹ̀. Ìyá rẹ fi ọwọ́ gbá orí àpò kan.

"Jókòó. Èédú ò ní gé ọ jẹ."

Ó jókòó. Oníbàárà méjì wá, wọ́n sì lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Mà, ó ní ká ṣí fèrèsé."

"Ta ni?"

"Fúnmi. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ó dìde láti lọ ṣí i. Àwa la fà á jókòó. A ní àwọn ará ilé á gbọ́ òórùn, wọ́n á sọ fún yín."

Títílayọ̀ kò pariwo. Ó bojú wo ọmọ náà pẹ́, ó ní, "O ṣeun tó o sọ fún mi." Ó sì bu omi fún un mu.

A ò yin ṣíṣà o! A ò yin sìgá. Bóyá òórùn tó dùn ni, bóyá èyí tó ń rùn ni, èéfín ni èéfín. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlá tó bá ti fi ẹnu kàn án, ìdí àpò ìyá rẹ wà fún un láti wá sọ. Àwọn kan ti ń wá. A máa pariwo díẹ̀, a ò ní purọ́, bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyẹn. Lẹ́yìn náà, a máa dákẹ́, a máa gbọ́.

Kíkẹ́lọmọ ti fọ búláòsì rẹ, ó ti sá a sójú oòrùn. Òun ló wọ̀ lónìí. Ó há a léjìká.

Bàbá rẹ ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. A ti sọ fún un pé kó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé.

Àárò rẹ ń sọ wá, Fúnminíyì. Ó ń sọ wá bí ó ṣe sọ wá lọ́jọ́ kìíní, a ò sì ní òórùn rẹ kankan mọ́ tí a lè fi tan ara wa. Ìfẹ́ rẹ nìkan ló kù nílé yìí, ó sì kún un. Yàrá rẹ kò ní ìdè mọ́. O ní kí wọ́n ṣí fèrèsé, wọn ò gbọ́ tìrẹ.

A ti ṣí i, ọmọ wa. Ní ọ̀sán, ní òru, nínú òjò, ó ṣí sílẹ̀.